"Perception": ojú ló ni ín ni, àbí ọwọ́? Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀?

Aríbiṣe kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dààmú mi. Gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí, "perception" ni. Olóṣèlú ní òun fẹ́ tún "perception" àwọn ará ìlú ṣe. Ẹni tó ń polówó ọjà ní "perception" ju ọjà náà lọ. Bí o bá sì ká ẹnìkan mọ́ ibi tí kò dáa, ohun tó máa sọ ni pé "ìyẹn perception tìẹ nìyẹn", á sì bá tiẹ̀ lọ bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ nípa ojú àti ọpọlọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wọ ojú, tí ohùn wọ etí, tí èèyàn fi wá mọ̀ pé nǹkan kan wà níwájú òun.

Kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí gan-an níbi tó ti ṣẹ̀? Kí sì ni ká máa pè é lédè wa? Ìwé atúmọ̀ èdè tó wà lọ́wọ́ mi kọ "ìwòye", ó sì panu mọ́.

GbòǹgbòỌ̀rọ̀ fèsì:

Aríbiṣe, ẹ kú làákàyè. Ọmọ Látìn ni. "Capere" lédè Látìn ni kéèyàn na ọwọ́ kó mú nǹkan. "Per" tí wọ́n fi ṣe àfòmọ́ sí i níwájú túmọ̀ sí já, tàbí pátápátá. Tí a bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n di "percipere": kí o gbá nǹkan mú tán, kó wá wà lọ́wọ́ rẹ. Ibẹ̀ ni "perceptio" ti jáde. Àwọn ará Faransé àtijọ́ ló gbé e fún Gẹ̀ẹ́sì. "Perceive" ti wà níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1300, "perception" sì tẹ̀ lé e kí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá tó parí.

Ẹbí rẹ̀ kún inú Gẹ̀ẹ́sì: accept, receive, concept, capture, gbogbo wọn láti ara "capere". "Deceive" náà wà níbẹ̀ o. Mímú ni tòun náà, àfi pé bí wọ́n ṣe ń fi tàkúté mú ẹran ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ojú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ọwọ́ ló wà níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Àná fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un, nítorí òfin Róòmù ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ yìí, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú orí èèyàn níbẹ̀. Ìkórè ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé baba kan kú, ó fi oko ólífì sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ìyàwó òun máa jẹ èso oko náà títí tí yóò fi kú. Ọmọ ló ni ilẹ̀, òun ló ni igi. Ìyàwó ló ni ẹ̀tọ́ sí èso. Ìbéèrè wá ni pé: ìgbà wo gan-an ni èso kan di ti obìnrin yìí? Kì í ṣe ìgbà tó so. Kì í ṣe ìgbà tó pọ́n. Kódà bó bá já fúnra rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀, kò tíì di tirẹ̀. Ìgbà tí òun, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un, bá kó o ni. Kíkó yẹn ni wọ́n ń pè ní "perceptio". Bí obìnrin náà bá kú lálẹ́, tí oko kún fún èso tó ti pọ́n tí wọn ò tíì ká, àwọn ajogún rẹ̀ ò ní fọwọ́ kan ẹyọ kan níbẹ̀. Olóko ló ni gbogbo ẹ̀. Ó wà nínú ìwé òfin Institutes tí ọba Justinian gbé jáde lọ́dún 533.

Ẹni tó wà lórí oko tó sì gbà tọkàntọkàn pé tòun ni, òfin tirẹ̀ yàtọ̀: kí èso kúrò lórí igi ti tó fún un. Ẹni tí wọ́n kàn ní kó máa jẹ èso nìkan ni wọ́n ní kó kó o kó tó di tiẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé "perception" ni ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn níbi tó jókòó sí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Faransé_Díẹ̀ fèsì:

Òótọ́ ni o! Ní orílẹ̀-èdè Faransé, "percepteur" ni wọ́n ń pe agbowó-orí. "La perception" sì ni ibi tí wọ́n ti ń san owó náà. Ẹ ò rí i pé wọn ò gbàgbé ọwọ́. Ọwọ́ ìjọba nínú àpò yín.

Ọmọ_Ìjọ fèsì:

Nínú Máàsì Látìn náà ńkọ́? Àdúrà kan wà tí àlùfáà máa ń gbà jẹ́jẹ́ kó tó jẹ Ara Olúwa, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni "Perceptio Corporis tui". Gbígba ara rẹ ni wọ́n ń sọ. Mo ti gbọ́ ọ títí, n ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Aríbiṣe fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an. Ó wá kù síbì kan. Báwo ni ohun tó jẹ́ ìkórè èso àti gbígba owó ṣe wá di ọ̀rọ̀ ojú àti ọkàn?

GbòǹgbòỌ̀rọ̀ fèsì:

Cicero, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú ará Róòmù, ni ẹ máa mú. Lọ́dún 45 ṣáájú ìbí Jésù, ó jókòó ti ìwé kan tó ń jẹ́ Academica, iṣẹ́ tó fún ara rẹ̀ sì ni láti sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn Gíríìkì lédè Látìn. Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì tí wọ́n ń pè ní Stoic ní ọ̀rọ̀ kan, "katalepsis". Mímú ni òun náà: wọ́n fi "kata" ṣáájú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí mú. Cicero wá ohun tó máa fi rọ́pò rẹ̀, ó mú "comprehensio", ó mú "cognitio", ó sì mú "perceptio" náà. Ọ̀rọ̀ ìkórè ti wọ ilé ìmọ̀ nìyẹn.

Ibi tó dùn jù nínú ìwé yẹn ni ibi tó ti sọ bí Zeno, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Stoic sílẹ̀, ṣe ń fi ọwọ́ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Á na àtẹ́lẹwọ́ sí wọn, gbogbo ìka tẹ́ sílẹ̀. Á ní: ohun tó hàn sí yín nìyí. Á wá ká àwọn ìka náà díẹ̀. Á ní: ẹ ti ń gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Á di ìkúùkù. Á ní: katalepsis nìyí, ẹ ti gbá a mú. Lẹ́yìn náà ló máa wá gbé ọwọ́ òsì wá, á fi di ìkúùkù náà mú le koko, á ní: ìmọ̀ nìyí, kò sì sẹ́ni tó ní in àyàfi ọlọgbọ́n.

Ẹ wo ibi tí perceptio wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ tó ṣí sílẹ̀. Ìkúùkù ni. Ohun tó kàn hàn sí ọ lè jẹ́ irọ́. Ohun tí o ti di mú kò lè jẹ́ irọ́, nítorí bó bá jẹ́ irọ́, wọ́n á ní o ò dì í mú. Nítorí náà, létí àwọn Stoic, "ìyẹn perception tìẹ nìyẹn" á dà bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé "òótọ́ ni o sọ". Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ yẹn lé yín lọ lónìí ń ṣe òdì-kejì ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú un.

Ẹlẹ́rìí_Méjì fèsì:

@GbòǹgbòỌ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ẹ sọ ti àwọn Stoic, ẹ fi ti àwọn tó bá wọn jà sílẹ̀. Inú ìwé Cicero kan náà ni ìjà náà wà!

Àwọn ará Akadẹ́mì, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ tí Plato dá sílẹ̀, bi wọ́n léèrè pé: bí ẹ bá rí ẹyin méjì, ṣé ẹ lè sọ èwo ni èwo? Àwọn ìbejì tó jọra ńkọ́? Bí irọ́ bá lè jọ òótọ́ délẹ̀, kí ni yóò sọ fún yín pé òótọ́ lẹ dì mú? Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìdáhùn wá jáde pé àwọn kan wà ní Delos, erékùṣù kan ní Gíríìkì, tó ń sin adìyẹ púpọ̀ láti fi pawó, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti wo ẹyin, wọ́n á sọ adìyẹ tó yé e. Ìyẹn ni pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ojú tiwa ni kò kọ́ ọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ni kí àwa tí a kì í ṣe ará Delos ṣe?

Ẹ tún gbọ́ ti Sphaerus. Stoic ni òun náà. Diogenes Laertius, tó kọ ìtàn ayé àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ ọ́ pé Ptolemy ọba Íjíbítì gbé èso pomegranate tí wọ́n fi ìda ṣe síwájú rẹ̀, ó sì tàn án jẹ. Ni ọba bá pariwo pé: ọwọ́ bà ọ́, o ti gba irọ́ gbọ́! Sphaerus ní rárá o, òun ò gbà pé pomegranate ni, ohun tí òun gbà ni pé ó bọ́gbọ́n mu láti rò pé pomegranate ni.

Ẹnu ló fi yọ ara rẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ohun tí ọ̀gbẹ́ni Stoic yìí sọ kò jìnnà sí "perception tèmi nìyẹn".

GbòǹgbòỌ̀rọ̀ fèsì:

Hà! Ẹ mú mi níbẹ̀ yẹn. Síbẹ̀, Sphaerus ò pe tiẹ̀ ní katalepsis. Ohun tó bọ́gbọ́n mu, ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi sí nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ó sá kúrò nínú ìkúùkù padà sí ìka tó ká díẹ̀.

OjúÌnú fèsì:

Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọ̀rọ̀ yín lórí ọwọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dán an wò lára ara yín. Ẹ mú bébà funfun. Ẹ fa àgbélébùú kékeré kan sí apá òsì, kí ẹ fi dúdú kun àmì róbótó kan sí apá ọ̀tún, kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ di ojú òsì. Ẹ fi ojú ọ̀tún nìkan tẹjú mọ́ àgbélébùú, ẹ má wo àmì náà rárá. Ẹ na bébà síwájú, kí ẹ máa fà á bọ̀ lọ́dọ̀ yín díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, àmì dúdú yẹn á pòórá.

Kò sí idán níbẹ̀. Ibi tí iṣan ojú ti jáde lọ sí ọpọlọ, kò sí ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Edme Mariotte ará Faransé ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, ní àwọn ọdún 1660. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nìyí: ẹ ò ní rí ihò, ẹ ò ní rí òkùnkùn. Bébà funfun lẹ máa rí. Ta ló kun ún ní funfun? Ọpọlọ yín ni. Ó wo àyíká, ó sì parí èyí tó kù.

Nítorí náà, àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ohun tó kan ojú, etí, imú àti awọ ara, ìyẹn ni sensation. Ohun tí ọpọlọ wá fi ṣe, tó fi sọ pé "àga nìyí", "ìyá mi ló ń pè mí", ìyẹn ni perception. Ìyàtọ̀ yẹn ti pẹ́. Thomas Reid ará Skọ́tláńdì tẹnu mọ́ ọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún: òórùn òdòdó tó ń ṣe mí nínú, inú mi ló wà, mímọ̀ pé òdòdó kan wà níta tó fa òórùn náà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Helmholtz ará Jámánì wá sọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e pé ńṣe ni a ń fi ohun díẹ̀ tó wọlé méfò ohun tó wà níta, láìmọ̀ pé a ń méfò.

Mo fara mọ́ Agbẹjọ́rò pé iṣẹ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà kì í sọ fún yín pé òun ń ṣe é.

Àgbà_Òǹkọ̀wé fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti lọ sí Róòmù, ẹ ti dé Gíríìkì, ìbéèrè kejì tí Aríbiṣe bi, ẹ ti gbàgbé rẹ̀.

"Ìwòye" kò burú. Wo òye ni wòye, kí èèyàn wo nǹkan títí tí òye rẹ̀ fi yọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí "wò" ṣe tóbi tó lẹ́nu wa. A máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò. A máa ń fọwọ́ bà á wò. A máa ń gbé e wò bóyá ó wúwo. Ojú kò sí nínú ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyẹn. "Gbọ́" náà ńkọ́? Etí là ń fi gbọ́ ohùn, imú la sì fi ń gbọ́ òórùn. Ẹni tó gbọ́ èdè, kì í ṣe etí rẹ̀ là ń yìn. Àwọn baba wa ò pín nǹkan wọ̀nyí sí márùn-ún bí ìwé ṣe pín in.

Ohun tó wá ya tiwa sọ́tọ̀ sí ti Látìn nìyí. Ní Látìn, èmi ni mo na ọwọ́, èmi ni mo mú un. Lẹ́nu tiwa, "ó yé mi". Ta ló ṣe é? Ọ̀rọ̀ náà ló ṣe é, èmi ni ó ṣe é sí. Òórùn ta sí mi nímú. Ó hàn sí mi. Ara fu mí. Mo dúró sí àyè mi, nǹkan ń bá mi níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ pé mo fúnra mi ṣiṣẹ́, ó di dandan kí n sọ pé mo kíyè sí i, mo fojú sí i, mo tọ́ ọ wò. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀, yíyé ọ̀tọ̀.

Fún ìdí yìí, n ò ní fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ perception, ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ ti OjúÌnú, ìwòye náà ni. Bó bá jẹ́ ti olóṣèlú, "ojú tí wọ́n fi ń wò wá" ni yóò sọ bó bá jẹ́ olóòótọ́. Èyí tí wọ́n fi ń lé èèyàn lọ yẹn, "bó ṣe rí lójú tìẹ" ni. Ẹ ò rí i pé bí a bá ti sọ ọ́ lédè wa, agbára rẹ̀ dín kù? Ẹni tó gbọ́ ọ á bi ọ́ pé: báwo ló ṣe rí lójú tìẹ náà?

Faransé_Díẹ̀ fèsì:

Bàbá, ẹ̀yin lẹ parí ẹ̀!! Àwọn ará Jámánì ń sọ "wahrnehmen", "nehmen" inú rẹ̀ sì ni mú. Ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀pọ̀ rò pé "wahr" iwájú rẹ̀ ni òótọ́, pé mímú òótọ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ mìíràn ni, tó túmọ̀ sí àkíyèsí.

Ẹlẹ́rìí_Méjì fèsì:

Kò sẹ́ni tó tíì sọ bí ìkúùkù Zeno ṣe wá di "tìẹ nìyẹn". Èmi ò rò pé olóṣèlú ló bà á jẹ́. Mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ọkàn, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì, pè é ní agbára àkọ́kọ́ tí ọkàn ní, nínú ìwé tó jáde ní òpin ọdún 1689. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Molyneux bi í léèrè pé: afọ́jú kan láti inú wá, tó ń fi ọwọ́ mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí àpótí onígun, bí ojú rẹ̀ bá là lójijì, ṣé yóò fi ojú nìkan mọ èwo ni èwo? Àwọn méjèèjì ní rárá. Ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ kì í kọjá lọ sọ́dọ̀ ojú fúnra rẹ̀. George Berkeley, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ireland, wá dé lọ́dún 1710, ó ní fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀mí, wíwà rẹ̀ ni pé ẹnìkan mọ̀ ọ́n lára.

Bí ohun tí mo mú bá ti wà nínú mi, tí tìẹ náà wà nínú rẹ, olúkúlùkù ti ní tiẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń polówó ọjà kàn bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí ni.

Agbẹjọ́rò_Àná fèsì:

Mo gbà pẹ̀lú yín, àfi ibì kan. Ní kóòtù, bí ẹlẹ́rìí bá ní "mo rí i", a kì í sọ pé tìẹ nìyẹn ká sì jókòó. A ó bi í: níbo lo dúró sí, iná wà níbẹ̀ àbí kò sí, báwo ló ṣe jìnnà tó? Pé inú èèyàn ló wà kò ní kéèyàn má lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ_Ìjọ fèsì:

@OjúÌnú, ẹ jọ̀ọ́, mo fa àgbélébùú, mo kun àmì dúdú, mo ń fa bébà lọ, mo ń fà á bọ̀. Kò lọ síbì kankan. Ó wà níbẹ̀ ó ń wò mí.

OjúÌnú fèsì:

Ojú wo lẹ dì?

Ọmọ_Ìjọ fèsì:

Ọ̀tún.

OjúÌnú fèsì:

Òsì ni kí ẹ dì. Bí ẹ bá fẹ́ lo ojú òsì, ẹ yí bébà po kí àmì náà bọ́ sí apá òsì, nítorí ibi tí ojú kọ̀ọ̀kan kì í ríran sí wà ní apá etí rẹ̀.

Ọmọ_Ìjọ fèsì:

YÉÈ! Ó ti lọ! Funfun báláú! Mo ṣí ojú kejì, ó padà. Mo dì í, ó lọ.

OjúÌnú fèsì:

Ẹ wá fi rúlà fa ìlà kan gba àárín àmì náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Àmì á lọ, ìlà ò ní já.